Irin Tí Ọkọ Mi Fẹ́ Lé Mi

Èmi fúnra mi ni mo wá orogún fún ara mi, mi ò sì lè di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹnikẹ́ni. Àwọn obìnrin mìíràn, ọkọ wọn ló máa ń jáde lọ wá tirẹ̀. Tèmi jókòó jẹ́ẹ́ sílé, èmi ni mo bá a wá a, tí mo tún júwe ọ̀nà ilé rẹ̀ fún un.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ni mo ń ṣe ní Thamesmead, lápá ìlà-oòrùn London. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé tí mo ń wọ̀ wà lójú ọ̀nà Yarnton Way. Ní ọdún kejì tí a dé ìlú yìí, bàbá òyìnbó kan ṣubú lórí àtẹ̀gùn, egungun ìbàdí rẹ̀ dá, wọ́n sì ní kí n máa lọ wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ pálọ̀ rẹ̀, mo rò pé mo ti ṣi ilé wọ̀. Kò sí àga kan tí ènìyàn lè jókòó sí. Àwọn aago tí kì í sọ àkókò ló kún orí tábìlì: èyí ń sọ bí ọkọ̀ òfuurufú ṣe ga sókè tó, èyí ń sọ bí epo ṣe kù tó. Ìjókòó awakọ̀ kan tí awọ rẹ̀ ti ya wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Bàbá ní ara àwọn ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n fi ja ogun àgbáyé kejì ni gbogbo rẹ̀ ti wá, òun sì ti ń kó wọn jọ láti ìgbà tí òun ti jẹ́ géńdé.

Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe. Ó ní kí wọ́n má baà sọnù ni. Mo ní kò burú. Nínú mi lọ́hùn-ún, mo ń sọ pé bí ìyàwó bá wà nínú ilé yìí, irin wọ̀nyí kì bá rọ́nà wọlé.

Èyí tó jẹ ẹ́ lógún jù kò sí nílé. Ó wà nínú ṣẹ́ẹ̀dì kan lápá odò, níbi tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ díẹ̀ ti ń tún imú ọkọ̀ òfuurufú ajubọ́ǹbù kan ṣe. Imú nìkan ló kù, títí dé ẹ̀yìn ibi tí awakọ̀ ń jókòó. Oko ni wọ́n ti rí i, àgbẹ̀ tó ni oko náà ti fi ṣe ilé adìẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tó ń dun Bàbá ni pé òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti darúgbó, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, kò sì sí ẹni tó lè na páànù tó ti wó kí ó padà sí bó ṣe wà. Ìbọ̀sẹ̀ ni mo ń wọ̀ fún un lọ́wọ́ nígbà tí mo ní, “Ọkọ mi lè ṣe é.” Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Òótọ́ ni mo sọ ṣá. Ní Ìbàdàn, iṣẹ́ ọkọ mi ni kí ó máa na ara ọkọ̀ tó bá wó. Bí mọ́tò bá forí sọ igi, tí gbogbo ènìyàn ní ó ti parí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa ń wọ́ ọ lọ. Àwọn ènìyàn sì máa ń jókòó tì í láti ìyálẹ̀ta títí di ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe nítorí mọ́tò, nítorí ẹnu rẹ̀ ni. Ọkùnrin náà lẹ́nu. Ẹnu yẹn ló fi fẹ́ mi. Ṣùgbọ́n orí ìwé ìgbélùú tèmi ló bá wá sí London, iṣẹ́ tó sì rí ni kí ó máa to páálí ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Láti ìgbà tó ti ń to páálí ni ẹnu rẹ̀ ti ń kéré sí i. Mo bá a sọ̀rọ̀, á ní “hẹn”. Mo bi í léèrè ọ̀rọ̀, á ní “kò burú”. Ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo ti lọ sí yunifásítì ní ìlú mìíràn, àwa méjèèjì la kù nílé, ẹ̀rọ amúnkantutù wa sì ń sọ̀rọ̀ ju bàbá ilé lọ. Mo fẹ́ gba ẹnu ọkọ mi padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi rán an lọ sí ṣẹ́ẹ̀dì, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ya wèrè.

Sátidé àkọ́kọ́ tó lọ, ó dé, ó jókòó tì mí, ó sọ̀rọ̀ fún odindi wákàtí kan. Ó ní páànù ọkọ̀ òfuurufú kì í fẹ́ òòlù púpọ̀, pé bí a bá na án jù, á gan, á sì ya. Ó ní òun fi ìka òun wá ibi tó wó sí kí òun tó mú òòlù rárá. Inú mi dùn débi pé mo dín dòdò sí i lóúnjẹ. Sátidé kejì, ọ̀rọ̀ páànù náà ni. Sátidé kẹta, ó wọlé, ó wẹ ọwọ́, ó ní “kò burú”, ó sùn.

Nígbà náà ni mo tó mọ̀ pé ó ti ná gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán kí ó tó délé.

Owú bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí díẹ̀díẹ̀. Ó ra aṣọ ìnujú kan, ó rọ̀ bí etí ọmọ ehoro, mo rò pé ti ojú rẹ̀ ni. Ó ní rárá, a kì í fi aṣọ líle nu ojú rẹ̀. Mo ní ojú ta ni? Ó ní ojú páànù. Táwẹ́ẹ̀lì tí èmi ìyàwó rẹ̀ fi ń nu ara lẹ́yìn iṣẹ́ ti le bí ẹní, kò sẹ́ni tó rí i. Ó gé èékánná rẹ̀ kúrú kí ó má baà ha nǹkan kan. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ń bẹ̀ ẹ́ kí ó gé èékánná.

Nígbà tó di oṣù kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé “a ti so ẹ̀gbẹ́ òsì mọ́ra”, “a ó parí òkè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀”. Mo bi í pé òun àti ta ni.

Ó ní wọ́n kì í dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe. Ìṣó kékeré olórí róbótó ni wọ́n fi ń so páànù náà mọ́ra. Ẹnìkan á dúró síta pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń gbá ìṣó bí ìgbà tí ẹyẹ àkókó bá ń sọ igi. Ẹnìkejì á rá pálá wọ inú ọkọ̀, á fi irin tó wúwo ti ìdí ìṣó náà kí ó lè tẹ́. Wọn ò ní rí ara wọn. Ariwo ò sì ní jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ara wọn bí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹni inú á kan páànù lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ni pé kí o tún un gbá. Á kàn án lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn ni pé ó ti dáa.

Mo ní, “Ta ló wà nínú?”

“Ọmọ Yorùbá kan ni. Ibí ni wọ́n bí i sí. Kọ́ọ̀tù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Belmarsh ló ti ń ṣiṣẹ́.”

“Obìnrin?”

“Hẹn.”

Hẹn yẹn wọ̀ mí lára ju gbogbo hẹn tó ti ń sọ látẹ̀yìnwá lọ.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbé oúnjẹ sínú fláàsì, mo ní mo fẹ́ bọ́ ọkọ mi. Irọ́ ni. Ṣẹ́ẹ̀dì náà tutù, òórùn epo àti ti adìẹ àtijọ́ ń jà nínú rẹ̀. Nǹkan tí mo rí kò tilẹ̀ jọ ọkọ̀ òfuurufú: ó dà bí àgbá ńlá tí wọ́n gé lọ́rùn, igi ló gbé e dúró. Ọkọ mi fi èjìká ti ara àgbá náà, ó ń gbá ìṣó. Ó dúró. Láti inú, mo gbọ́ kò, kò. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn, Ìbàdàn ni mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn.

Ọmọ náà fi ìdí ṣáájú jáde láti inú àgbá, nínú ṣòkòtò jíǹsì, eruku ní irun. Kò ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ. Kò kúnlẹ̀, kò tẹ orúnkún. Ó juwọ́ sí mi.

“Hi Auntie! Ṣé o wà okay? Is that food? Oh my days, ebi ń pa mí die.”

“Ẹ n lẹ́ o,” ni mo dá a lóhùn, kí ó lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ti ṣí fláàsì. Òun àti ọkọ mi jókòó lórí àpótí, wọ́n jọ jẹ ìrẹsì tí mo jí dáná láàárọ̀, ọmọ náà ní ata rẹ̀ mad. Bàbá gbé tíì fún mi, ó ń fi gbogbo ìṣó hàn mí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní ọwọ́ ọkọ mi dà bíi ti àwọn tó kan ọkọ̀ náà níjọ́sí. Mo ń sọ pé “ẹ ṣé, Bàbá”. Ojú mi kò kúrò lára fláàsì.

Ẹ má bi mí bóyá mo rò pé wọ́n ń ṣe ìṣekúṣe. Mo mọ̀ pé wọn ò ṣe é. Ìyẹn gan-an ló mú kí ó burú, nítorí bí ó bá jẹ́ ìyẹn ni, mo mọ ohun tí obìnrin máa ń ṣe sí i, mo sì mọ ẹni tí mo lè pè láti bá mi dá sí i. Èwo ni kí n lọ sọ fún àwọn àgbà? Pé ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín fún páànù?

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni ó gbé ìlẹ̀kùn kékeré kan bọ̀ wálé, èyí tí wọ́n máa ń ṣí lábẹ́ imú ọkọ̀ náà. Ó fẹ́ wo bó ṣe tẹ̀ kọrọdọ kí ó lè rọ èkejì rẹ̀ tó ti sọnù. Ó tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì sórí tábìlì, ó gbé e lé e bí ẹni ń tẹ́ ọmọ ìkókó.

“Má fọwọ́ kàn án o, jọ̀ọ́.”

Kò sọ ìdí rẹ̀. Ó ti lè rò pé bí òun bá sọ ọ́ fún mi kò ní yé mi.

Ọjọ́ Tọ́sìdeè ni mo ní ìsinmi. Ó ti lọ síbi iṣẹ́, mo ń fọ ìkòkò. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé ni pé ẹ̀yìn ìkòkò ni àlejò fi ń mọ obìnrin tí wọ́n kọ́. Inú ìkòkò, ẹnikẹ́ni lè fọ̀ ọ́. Ìyá mi lè yí ìkòkò dojú dé níwájú ìyá ọkọ mi, kó dúró kó máa wo ojú rẹ̀. Nítorí náà kànrìnkàn onírin wà lọ́wọ́ mi, ọṣẹ wà lọ́wọ́ mi, mo sì gbójú sókè, mo rí nǹkan ẹlẹ́gbin yẹn lórí táwẹ́ẹ̀lì mi. Ìgbẹ́ adìẹ tó ti di òkúta, èéfín, ọ̀dà tó ń rẹ̀ dànù. Mo sọ fún ara mi pé màá bá a fọ̀ ọ́ kí ó lè yà á lẹ́nu. Èmi náà á ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Á gbé e lọ, á ní ìyàwó mi ló fọ̀ ọ́.

Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn. Mo gbọ́ nígbà tó ní kí n má fọwọ́ kàn án.

Mo kọ́kọ́ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ẹ́, ìgbẹ́ adìẹ náà sì ṣí kúrò. Lábẹ́ rẹ̀ ni ọ̀dà àwọ̀ ewé kan wà tó ṣì mọ́ tónítóní, lórí ọ̀dà náà, ẹnìkan ti fi pẹ́ńsùlù kọ̀wé. Orúkọ obìnrin ni, àti lẹ́tà kan fún orúkọ bàbá rẹ̀. Lábẹ́ orúkọ náà, lédè òyìnbó, ó kọ ọ́ pé: padà wálé láyọ̀, olólùfẹ́.

Mo ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ̀ pé ogun yẹn ti parí kí wọ́n tó bí ìyá mi. Mo mọ̀ pé obìnrin tó bá kọ ọ́, ó ní láti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń kan ọkọ̀ òfuurufú nígbà náà, ó sì ti kú. Orí mi mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ mi kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ ni pé orúkọ obìnrin wà lára nǹkan tí ọkọ mi ń fi aṣọ rírọ̀ nù, obìnrin náà sì ń pè é ní olólùfẹ́. Mo da ọṣẹ sí i, mo mú kànrìnkàn, mo fọ̀ ọ́. Mo fọ̀ ọ́ títí orúkọ fi lọ, tí olólùfẹ́ fi lọ, tí ọ̀dà pàápàá fi lọ, tí irin náà ń dán tí mo rí imú ara mi nínú rẹ̀. Mo ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó gun òkè.

Ọkọ mi dé ní ìrọ̀lẹ́. Kò tíì bọ́ kóòtù rẹ̀ tó fi rí i.

“O ti fọ̀ ọ́.”

“Ó dọ̀tí ni, Dádì.”

Ó fi ìka kan tọ́ ibi tó ń dán. Kò pariwo. Bó bá pariwo ni, à bá jà, ọ̀rọ̀ á sì jáde. Ó ní ọ̀dà yẹn ni wọ́n ń wá. Ó ní àwọn tó ń tọ́jú irú nǹkan báyìí kì í jẹ́ kí ó dán. Bí nǹkan bá ṣe rí nígbà ogun ni wọ́n ń fẹ́ kí ó ṣe rí títí ayé, ọ̀dà tí wọ́n kùn ún nígbà náà, tó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn, kò sí ibi tí wọ́n ti ń rà á. Ó fi táwẹ́ẹ̀lì wé e. Mi ò sọ fún un pé orúkọ kan wà níbẹ̀. Ẹnu mi kò gbà á.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé e lọ, kò pẹ́ tó fi padà.

“Mo ti sọ fún wọn pé èmi ni mo fọ̀ ọ́.”

“Kí ni wọ́n sọ?”

“Wọn ò sọ nǹkan kan.”

Ní Sátidé, kò lọ mọ́. Ojú ti ń tì í ni. Kí n má purọ́, inú mi dùn. Mo dáná, mo wọ aṣọ tó dáa. Ó tún ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ṣe, èyí tí mo ti ń pariwo rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Sátidé kejì, ó nu gbogbo fèrèsé. Sátidé kẹta, kò sí nǹkan tó kù láti tún ṣe, ó sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láti àárọ̀. Àwọn ọkọ̀ òfuurufú tó ń lọ balẹ̀ ní òdìkejì odò ń kọjá lórí wa ní ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀. Kò gbójú sókè wò wọ́n. Mo bá a sọ̀rọ̀, kò tilẹ̀ sọ “hẹn” mọ́, orí ló ń mì. Mo ti gba ọkọ mi padà, gbogbo ara rẹ̀ pé, ẹnu rẹ̀ ni kò bá a wá. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò ó pé bí a ṣe máa darúgbó sí ìlú onílùú nìyí, èmi àti ọkùnrin tó ń mi orí.

Mo lọ bá Alhaja kan ní mọ́ṣáláṣí wa, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, mo ní kí wọ́n bá mi lọ bẹ̀bẹ̀. Nílé wa, ènìyàn kì í dá nìkan lọ bẹ ẹni tó ṣẹ̀. A pàdé níwájú ibùdókọ̀ ojú irin tó wà ní Royal Arsenal. Alhaja wò mí látòkè délẹ̀.

“Ṣebí o mọ̀ pé àwọn òyìnbó ò mọ ìkúnlẹ̀? Just tell the man sorry, ká máa lọ. Cold ń pa mí.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Mummy. Màá kúnlẹ̀.”

“Orúnkún mi, wọ́n ti replace méjèèjì. Èmi ò ní kúnlẹ̀ o. Màá dúró tì ẹ́.”

Bàbá àti ọmọ náà nìkan la bá nínú ṣẹ́ẹ̀dì. Ìlẹ̀kùn tí mo fọ̀ wà lórí tábìlì, ó ń dán bí eyín ọ̀tá. Mo kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì. Alhaja gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ní, “Daddy, please, she is our child, forgive her for us.” Bàbá rò pé mo ṣubú ni. Ó ju ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gbé mi, bẹ́ẹ̀ ìbàdí rẹ̀ kò tíì lágbára tó bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ̀. Èmi tí mo wá kúnlẹ̀ fo dìde, mo gbá a mú lábẹ́ apá bí mo ṣe máa ń ṣe nínú balùwẹ̀ rẹ̀, mo gbé e jókòó. Bí ẹ̀bẹ̀ mi ṣe parí nìyẹn. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo sì sọ ọ́ bó ṣe rí, pé èmi ni mo fọ̀ ọ́, kì í ṣe ọkọ mi, pé wọ́n ti kìlọ̀ fún mi, pé owú ló ń ṣe mí.

Bàbá ní òun mọ̀ pé kì í ṣe ọkọ mi. Ẹni tí kì í jẹ́ kí wọ́n mí sára páànù, ó wá ní òun fi kànrìnkàn onírin fọ̀ ọ́? Ó ní àwọn ń retí kí ó padà wá ni, àwọn ò mọ bí àwọn ṣe máa sọ ọ́.

Mo ní ó ku ọ̀kan. Mo sọ̀rọ̀ orúkọ náà fún un.

Bàbá wo ìlẹ̀kùn tó ń dán náà. Wọn ò mọ̀ pé ohunkóhun wà lábẹ́ ìgbẹ́ adìẹ yẹn. Kò sẹ́ni tó yà á ní fọ́tò, kò sẹ́ni tó rí i rí láti ìgbà tí adìẹ ti wọ ibẹ̀. Nínú gbogbo ẹni tó wà láàyè, èmi nìkan ni mo kà á, èmi náà ni mo sì pa á rẹ́. Ó bi mí bóyá mo lè rántí orúkọ náà.

Mo pe orúkọ náà. Mo pe lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Mo sọ ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀.

“Ṣé ó dá ọ lójú?”

“Bàbá, obìnrin tó bá ń jowú kì í gbàgbé orúkọ.”

Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ó na ìwé sí mi, mo kọ ọ́, ó sì kà á sókè jẹ́jẹ́, padà wálé láyọ̀, olólùfẹ́. Alhaja ní “áà”. Bàbá kò dárí jì mí lójú ẹsẹ̀, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ó ní ohun tí mo ṣe burú gan-an, ó tún un sọ. Ṣùgbọ́n ó ní kí ọkọ mi wá ní Sátidé.

A ti fẹ́ máa lọ nígbà tí ọmọ yẹn tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà.

“Auntie, can I say something? Má bínú. Inú plane yẹn dúdú gan, I can't see him, òun náà ò lè see mi. So tá a bá ń wait, Uncle just máa ń talk. Ìwọ ló ń talk about. Every Saturday.”

“Èmi?”

“Ìwọ now. Ó ní tó o bá dé láti work, o máa ń bọ́ right shoe rẹ first, tí left leg bá ń pain ẹ, o máa dúró small kó o tó bọ́ èkejì. He listens for it. Ó ní o lè turn old man tó wúwo on the bed, ọkùnrin yẹn ò ní jí. Ó ní ẹ̀yìn rẹ lo fi pọ̀n ọ́n wá London. Mo ní, Uncle, ṣé o ti tell her? Ó ní òun ò mọ how to say it nílé, tí kò ní dà bíi complaint.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí á rò pé inú mi dùn. Owú ló kọ́kọ́ gbé mi. Oúnjẹ tèmi ni wọ́n ń jẹ láti ọjọ́ yìí wá, kì í ṣe ìrẹsì nìkan. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti ń gbààwẹ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí a ti dé ìlú yìí, inú òkùnkùn ni wọ́n ti ń bù ú fún ọmọ tí kò mọ̀ pé “ẹ” ni wọ́n fi ń kí àgbà. Obìnrin tí wọ́n ń fetí sí ìró bàtà rẹ̀ yẹn, èmi kò mọ̀ ọ́n rí. Mo jowú rẹ̀ ju àwọn tó kù lọ.

Alhaja mú mi lọ sílé wọn, wọ́n ní ẹni tó kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì gbọ́dọ̀ jẹun. Ẹ̀bà ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá àti ẹja tútù, wọ́n sì dúró tì mí títí mo fi nu àwo náà gbẹ. Nígbà tí mo délé, mo yó débi pé mi ò lè mí dáadáa.

Ọkọ mi wà ní ilé ìdáná, ó ń gbé omi kaná. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo sọ ibi tí mo lọ fún un. Mo sọ orúkọ tí mo fọ̀ dànù. Mo sọ pé Bàbá ní kí ó wá ní Sátidé. Ó pa iná náà. Ó ń wò mí.

“Ọmọ yẹn sọ ohun tí ẹ máa ń sọ nínú ibẹ̀ fún mi,” ni mo wí. “Dádì, ẹ sọ ọ̀kan. Ẹ kọjú sí mi, kí ẹ sọ ọ̀kan péré.”

Ó la ẹnu. Ó pa á dé. Mo rí i bó ṣe ń wá ọ̀rọ̀ kiri. Ó wo ẹsẹ̀ mi. Ó wo ojú mi. Ó tún la ẹnu.

“Ṣé o ti jẹun?”

Ẹ̀bà Alhaja dé mi lọ́rùn.

“Rárá,” ni mo dá a lóhùn. “Mi ò tíì jẹun.”